Ìyá Haskett àti Owó Ọkọ̀-Ilé

Àyà màmá náà ń já. Nígbà tó fi máa wa ọkọ̀-ilé gbọọrọ náà, ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé bí ilé, dé iwájú báǹkì nílùú Yuma, òógùn ti bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lójú. Ó ti gbọ́ ìtàn oríṣiríṣi: ẹni tó gba sọ̀wédowó tí báǹkì dá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tọkọ̀ towó di àwátì, ẹni tí wọ́n di ayédèrú owó fún nínú báàgì. Bí owó yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kò ní òmíràn láyé yìí mọ́. Tirẹ̀ tán nìyẹn.

Duane Pruitt, wẹ́dà tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà, ti ń dúró.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Haskett. Ǹ bá kúkú wá bá yín ní àgọ́ ọkọ̀-ilé yín, kẹ́ ẹ má baà ṣe wàhálà."

"Rárá o! Báǹkì tìẹ gan-an la ti máa ṣe é. Owó lọ́wọ́, kì í ṣe sọ̀wédowó, kí ẹ̀rọ wọn kà á lójú mi."

Duane bú sẹ́rìn-ín. "Ó jọ pé ejò ti ṣán yín rí. Àbí mo jọ gbájú-ẹ̀ ni?"

"Ta ló ń dá gbájú-ẹ̀ mọ̀ lójú, ọmọ mi?"

Duane wọnú ọkọ̀. Ó tan iná ìdáná, ó tẹ ibùsùn wò, ó ní kí màmá fi ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ omi han òun. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta ni màmá ṣí kó tó rí i.

"Ọjọ́ ogbó," ló wí. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá yà wọlé níta ló ń yọjú lójú fèrèsé.

"Aṣọ yín ṣì kún ibí yìí o."

"Da gbogbo ẹ̀ nù. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń lọ, kò sáyè níbẹ̀."

Ó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó tú u títí ó fi mú ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì jáde.

"Inú ọkọ̀ náà lẹ kó gbogbo ìwé yín sí?"

"Ẹni tó ń gbénú ọkọ̀, ibo ló tún fẹ́ kó o sí?"

Nínú báǹkì, ìwé ọkọ̀ ò ṣeé fọwọ́ sí àfi lójú ẹni tó ní òǹtẹ̀ ìjẹ́rìí. Yesenia ni orúkọ obìnrin tó ń lu òǹtẹ̀ náà. Ó ka orúkọ Verna Haskett lára láísẹ́ǹsì, ó wo àwòrán ibẹ̀, ó wo màmá, ó tún wo àwòrán náà. Màmá di etí tábìlì mú.

"Àwòrán yìí ti pẹ́ o, Mama. Ẹ ti rù gan-an."

"Ta ni kì í rù lẹ́yìn àádọ́rin ọdún? Gbogbo àwa arúgbó àgọ́ yẹn, irun funfun, awò ojú, ọ̀kan náà ni wá."

Yesenia rẹ́rìn-ín, ó ní kí màmá fọwọ́ síwèé, ó lu òǹtẹ̀. Ẹ̀rọ ka owó náà. Màmá ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà, ó pé, kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀. Ó kó owó náà sínú báàgì rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà.

"Ọkàn yín ti wá balẹ̀?" Duane béèrè, ó gba kọ́kọ́rọ́. "Ẹ jẹ́ n gbé yín dé àgọ́."

"Má ṣèyọnu. Takisí ti ń bọ̀."

Takisí dé. Màmá wọlé, ó tilẹ̀kùn, ó ní kí awakọ̀ náà sáré gbé òun lọ síbùdó bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ní àgọ́ ọkọ̀-ilé lẹ́yìn ìlú, Verna Haskett jókòó sórí àga ní ojú ilẹ̀ tó ṣófo níbi tí ọkọ̀-ilé rẹ̀ máa ń dúró sí, ó ń retí aládùúgbò rẹ̀ olóore tó ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun á bá a wa ọkọ̀ náà lọ rọ gáàsì.