Lẹ́tà Tí Kò Ní Déètì

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 1955 ni lẹ́tà tó sọ pé Joseph ti kú dé Kábbà. Ọlọ́runlékè, àbúrò Joseph, ló lọ gbà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́, òun náà ló sì kà á fún ìyá wọn lójú gbogbo ará ilé. Ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ní Jos ń bá wọn kẹ́dùn. Ilẹ̀ wó lu Joseph nínú kòtò, wọ́n sì ti sin ín sọ́hùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá. Kí ìyàwó rẹ̀ má sì fi ìgbà èwe ṣòfò, kó lọ́kọ mìíràn.

Ìyá wọn ṣubú lulẹ̀. Monica, ìyàwó Joseph, kò sunkún. Ó na ọwọ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n kà á."

Ó ti tó ọdún kan tí Monica ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà tí Tíṣà Lájídé ń ṣe nírọ̀lẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Tíṣà a máa mú lẹ́tà ọ́fíìsì wá fún wọn, a ní kí wọ́n tú u wò kí wọ́n tó fèsì. Ta ló kọ ọ́? Nígbà wo? Kí ló ń fẹ́? Kí ni kò sọ?

"Ẹ má bẹ̀rù ìwé," ni Tíṣà máa ń sọ. "Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, Monica tẹ́ lẹ́tà náà síwájú kíláàsì.

"Kò ní déètì," ló wí. "Kò ní nọ́ńbà. Wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sórúkọ. Ọ́fíìsì òyìnbó ni, Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́."

"Kí ló ń fẹ́?" Tíṣà bi í.

"Ó fẹ́ kí n lọ́kọ mìíràn."

Gbogbo wọn ló mọ ẹni tí àṣà yàn láti ṣú opó Joseph.

Monica kọ èsì sí ilé-iṣẹ́ náà, ó to gbogbo àléébù lẹ́tà wọn lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ní kí wọ́n sọ ibi tí ọkọ òun wà. Tíṣà yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi í ránṣẹ́.

Nígbà tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá náà pe Ọlọ́runlékè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, bí wọ́n ṣe fún mi ni mo ṣe mú un wá. Mo fi Ọlọ́run búra."

"O pa ẹ̀gbọ́n rẹ lórí ìwé nítorí ìyàwó rẹ̀," ni ìyá náà wí. "Má ṣe jẹ́ kí ojú mi tún rí ọ."

Ọlọ́runlékè wo Monica. Monica gbójú sílẹ̀. Ọlọ́runlékè gbé ọkọ́ àti àdá rẹ̀, ó lọ ń ro oko olóko ní Ìyámoyè. Nígbà tí Kérésìmesì dé, kò wá sílé, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.

Ara ìyá Joseph wá yá. Láràárọ̀ ló ń gbá yàrá ọmọ rẹ̀. Bí àwọn ará àdúgbò bá kí i pé "Okun o," bí wọ́n ti ń kíra wọn ní Kábbà, a dá wọn lóhùn pé Joseph ń bọ̀.

Oṣù kẹrin ni èsì dé. Ìyá náà jókòó ti Monica, ó fọwọ́ lé e léjìká.

"Kà á sókè, ọmọ mi, kí gbogbo ilé gbọ́."

Monica tú u, ó kọ́kọ́ fi ojú kà á: "Monica, ọ́fíìsì fún mi ní lẹ́tà rẹ, n kò mọ̀ pé o ti mọ̀wé nígbà tí mo kọ ti àkọ́kọ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn níbí, nítorí náà jọ̀ọ́, sọ fún ìyá mi pé òótọ́ ni mo kú."