Dókítà Tó Ń Dákẹ́

Ní ayé kan tó ti lọ, tí kò sí ẹni tó lè padà débẹ̀ mọ́, àrùn kan wọ̀lú, ó ti oníkálukú mọ́lé. Ojú fóònù ni aláìsàn àti oníṣègùn ti ń ríra.

Ìyá Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé fóònù dání níwájú rẹ̀. Eegun ìbàdí ló ń jẹ ẹ́ níyà. Oògùn ìrora tí Dókítà ń fún un lágbára. Ó lè sọ ènìyàn di ẹrú rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí. Nítorí náà, kí Dókítà tó fọwọ́ sí òmíràn, ìyá gbọ́dọ̀ fi èyí tó ṣẹ́kù hàn án. Èyí tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan. Ìyá ti ń jí i lò.

“Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ pé ó bọ́ sómi.”

“Omi wo? Ẹ̀rọ omi tó gbẹ láti àná?”

Dókítà yọ lójú fóònù nínú kóòtù funfun rẹ̀. Òógùn ń dán níwájú orí rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ funfun báláú, ó rún díẹ̀. Nǹkan kan ń dún ṣìì nítòsí.

“Ẹ káàárọ̀, ìyá.” Ó dákẹ́. “Ẹ jẹ́ kí n… rí oògùn.”

Ìyá na àtẹ́lẹwọ́ tí ìwọ̀nba oògùn náà wà. Dókítà wò ó, kò fọhùn.

“Nẹ́tíwọ̀kì ni,” ọmọ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Nẹ́tíwọ̀kì kọ́. Inú ń bí i ni.” Ìyá kígbe sí fóònù: “Dókítà, ẹ dárí jì mí! Mo lò ó kọjá ìwọ̀n. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín; èmi ní ikú yá ju ìbàdí yìí!”

Dókítà di ojú. Ó pẹ́ kó tó là á.

“Ẹ má… sọ bẹ́ẹ̀.” Ó tún dákẹ́. “Ṣé ẹ ń mí… dáadáa?”

“Mò ń mí, Dókítà. Geere ló ń já.”

“Ẹ ṣọpẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Oògùn á dé… lónìí. Ọmọ yín ni kó máa… tọ́jú rẹ̀.”

Ìyá bú sẹ́kún ọpẹ́. Ojú fóònù ṣókùnkùn.

Ní òdìkejì, nọ́ọ̀sì gba fóònù lọ́wọ́ Dókítà, ó ká kóòtù funfun kúrò láyà rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé ìrọ̀rí dáadáa, ó dá ìbòmú afẹ́fẹ́ padà sí i nímú, ó sì bi í bóyá kí òun pe aláìsàn tó kàn.

Èémí kò ní wọ́n nínú ilé yín. Ẹ̀yin àti ọmọ yín kò ní wá a tì.