Páálí Márùn-ún Tí Ìyá Iredélé Tú

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ sá o. Ẹ kà á délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Gbéminíyì ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ìyá Iredélé, opó kan tó ń ta abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìlú Benin. Ọmọ yunifásítì ni, Ugbor ló ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti opó yìí ń lọ. Ó wá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Ekiosa, ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù.

"Kí lò ń wò tó bẹ́ẹ̀?"

"Bíríkì ni, mà. Àwọn bíríkì rọ́bà kéékèèké tí wọ́n fi ń to ilé, to ọkọ̀. Tuntun kan jáde lóṣù yìí, ààfin ńlá ni. Wọn ò sì ní ṣe irú ẹ̀ mọ́."

Ìyá Iredélé bú sẹ́rìn-ín. "Ohun ìṣeré ọmọdé?"

"Àgbà ló ń rà á, mà. Wọ́n ń kó o jọ. Ó ti tán l'Ékòó, ẹnìkan l'Ábújá ló ṣì ní márùn-ún nílẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà ní páálí kan. Bọ̀dá Adéyínká kan l'Ékòó tó ń kó o jọ sì ń wá a lójú méjèèjì. Ó ní òun á san ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Ìyá Iredélé. Ó ti ń ṣírò.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ tú páálí ẹ̀ o, mà. Bí ẹ bá tú u, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ìwọ fẹ́ kọ́ mi lọ́jà?"

2.
Ìyá Iredélé ló ń kó àjọ àwọn obìnrin Yorùbá mẹ́wàá nínú ọjà náà. Lóṣù yẹn, Motọ́lání tó ń ta edé ló kàn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà. Ó fẹ́ fi san owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Onílé ti fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá péré.

Ìyá Iredélé ní ọ̀sẹ̀ kan ni. Owó á lọ, owó á bọ̀, ta ni yóò mọ̀? Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àbújá.

Motọ́lání dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, owó mi ńkọ́?"

"Nẹ́tíwọ̀kì báǹkì ni, àbúrò mi. Kò lọ láti àná."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n á ti dà yín láàmú."

Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tí wọ́n ná owó rẹ̀ ló ń kí ẹni tó ná an pẹ̀lẹ́. Ọkàn Ìyá Iredélé gún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má baà wo ojú ọmọ ọlọ́mọ.

3.
Páálí márààrún dé sí gáréèjì Aduwawa. Ó gbé wọn délé, ó mú ọ̀bẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pariwo. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kì í fi dáhùn.

"Mummy, no open am o! Bro Gbémi talk say make nobody open am!"

"Ṣé Gbémi ló bí mi ni? Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń rajà. Ẹni tó bá gba páálí láì tú u wò, òkúta ni yóò bá nínú ẹ̀."

Òótọ́ ni. Nínú ọjà wa, bí o bá gba abọ́ méjìlá, wàá tú u, wàá kà á, wàá fi ìka kan ìdí rẹ̀ bóyá ó ti sán. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń ra abọ́ kọ́ la fi ń ra ohun gbogbo.

Ó la márààrún. Ó fa gbogbo ọ̀rá inú wọn ya, ó da bíríkì sínú báàfù kan ṣoṣo, ó ń ṣa á bóyá èyí tó fọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, kò mọ ti páálí yìí yàtọ̀ sí ti tọ̀hún mọ́. Kí ló ṣe? Ó mú agolo mílíìkì, ó bù ú padà bí ẹni ń wọn ìrẹsì, agolo mọ́kànlá sí páálí kọ̀ọ̀kan, kó lè dọ́gba. Ó fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹnu rẹ̀.

4.
Nígbà tí wọ́n pè é lórí fídíò, Adéyínká ní kí wọ́n gbé páálí kan sún mọ́ ojú fóònù.

"Mà, ta ló tú u?"

"Èmi ni. Mo ti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹyọ kan ò fọ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. "Èyí tí ọwọ́ ò tíì kàn ni mo ń rà, mà. Ẹ fún àwọn ọmọ yín ṣeré."

Ìyá Iredélé yíjú sí Gbéminíyì, ó pè é ní oníjìbìtì lójú gbogbo ọjà. Ọmọ náà ò fèsì ju "Mo sọ fún yín, mà" lọ. Síbẹ̀ òun náà ló bá a wá ẹni tó ra gbogbo rẹ̀ fún ilé ìtọ́jú ọmọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin.

Ọjọ́ kẹwàá pé. Onílé ti ṣọ́ọ̀bù Motọ́lání pa, edé rẹ̀ wà nínú òjò. Ó wá, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nẹ́tíwọ̀kì yẹn ò tíì dé? Mo ti ń gba ààwẹ̀ lé e lórí."

Orúnkún Ìyá Iredélé kanlẹ̀. "Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Mo fi owó rẹ ra bíríkì ìṣeré."

Motọ́lání ò pariwo. Ìbá pariwo, ìbá sàn. "Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù mi ra bíríkì?"

5.
Ìyá Iredélé ta fíríìsà rẹ̀, ó ta jẹnẹrétọ̀. Kò tó. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi san ìyókù. Nínú oṣù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, Motọ́lání ń fi àtẹ ta edé lẹ́bàá títì, Ìyá Iredélé sì ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kí wọ́n má baà pàdé.

Lọ́jọ́ tó mú owó tó kẹ́yìn wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́."

Motọ́lání gbà á, ó sọ ọ́ sábẹ́ àtẹ.

"Ó pé, mà."

Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́, "mà" nìkan ló ní. Bó ṣe máa ń kí oníbàárà tí kò mọ̀ rí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kó owó ẹlẹ́gbẹ́ jọ, ẹ gbọ́. Ọjà tí ẹ ò mọ̀dí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé. Owó tí kì í ṣe tiyín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ì báà ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó ṣeé san padà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò ṣeé rà lọ́jà. Ọ̀kánjúwà pẹ̀lú olè, déédé ni wọ́n jẹ́.