Ègbè Inú Ihò Àpáta

Orin dùn mọ́ mi lẹ́nu ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń wa mọ́tò gba aṣálẹ̀ lọ kí Fadérera ọmọ wa ní ìlú Àgádẹ́sì, orin ni mo ń kọ lójú ọ̀nà. Ọkọ mi kì í rí ihò àpáta kó kọjá. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tó rí ọ̀kan, ló bá dúró.

"Bàbá Fadérera, ẹ má pẹ́ o. Ẹsẹ̀ yín kì í ṣe ti ọmọdé mọ́."

"Ìwọ ṣáà máa kọrin, kí n lè fi ohùn rẹ mọ ọ̀nà àbájáde."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wọlé. Mo dúró lẹ́nu ihò, mo lé orin ìyá mi, mo fi orúkọ ọkọ mi sí i: "Bàbá Fadérera, máa bọ̀ nílé o."

Ègbè wá láti inú: "Mò ń bọ̀, tẹ́ní sílẹ̀."

Inú mi dùn. Mo tún lé e, ó tún gbè é, ohùn náà dùn bí oyin. Ìgbà náà ni mo fura. Gbohùngbohùn ìbá tún ọ̀rọ̀ mi sọ ni, ọkọ mi ní tirẹ̀, bí ewúrẹ́ ló ń kọrin.

Ọwọ́ kan bà mí léjìká. Ọkọ mi ni, eruku bò ó.

"Ẹ̀yìn àpáta ni mo gbà jáde. Ìwọ àti ta lẹ jọ ń kọrin?"

Mo nawọ́ sí ihò náà. Lẹ́yìn náà, ohùn inú ihò náà fúnra rẹ̀ ló wá lé orin, jẹ́jẹ́: "Ìyá Fadérera, máa bọ̀ nílé o."

Bí a bá gbọ́ lílé nílé tiwa, ẹnu á ti gbè é kí ọkàn tó mọ̀. Ọkọ mi sáré fọwọ́ bò mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ti sọ pé mò ń bọ̀.