Èmi Àtìwọ Nìkan La Mọ̀ Ọ́n

Ní ìlú Santa Brígida, bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń kọjá lọ lójú títì, méje nínú wọn ló ń sọ èdè Spéènì nílé. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kì í yọjú sí àdúgbò wọn àfi lọ́jọ́ tí ìjọba bá wá kó àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú. Nohemí Arrieta, tó ti ń ka ìròyìn lórí rédíò kékeré kan láti ọdún mọ́kànlá, ló sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé àpótí ìbò. Ọ̀gbẹ́ni Tolliver, tó ni ilé ńlá tí wọ́n ti ń to èso àjàrà sí páálí, ló wà lórí àga tó ń wá.

Ofelia Zúñiga ló ń bá a ṣètò. Òun ló gbé ọmọ Nohemí lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní comadre. Ilé ìdáná màmá Nohemí ni wọ́n ti ń pàdé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ kí àwọn tó ń ká èso, Tolliver ti ṣáájú wọn débẹ̀, ó ti ń pín búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lo gbọ̀ngàn àwọn àgbà, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Tẹlifíṣọ̀n wá gbà láti ya Nohemí níwájú ilé ìwé tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀. Kí wọ́n tó dé, Tolliver ti to ike omi mímọ́ síbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, gbogbo ìlú rí Tolliver tó ń fún àwọn ọmọ wọn lómi mu. Ojú Nohemí ò hàn rárá.

"Ẹnìkan ń tú àṣírí wa," ni Nohemí wí.

"Ṣé ogiri létí ni?" Ofelia dáhùn, ó da ojú fóònù rẹ̀ délẹ̀.

Nohemí wo fóònù náà. Ilé èso Tolliver ni ọkọ Ofelia ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù.

"Comadre, lọ́jọ́ Sátidé, màá lọ bá àwọn obìnrin ní ilé ìfọṣọ tó wà ní òpópónà kẹrin. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi àtìwọ nìkan la mọ̀ ọ́n."

"Aago mélòó?" Doña Eduviges, màmá Nohemí, bèèrè láti ìdí iná.

"Mẹ́sàn-án, Màmá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n lè gbàdúrà sí i ni. Àdúrà tí kò ní àdírẹ́sì, ta ni yóò rí i gbà?"

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì rẹ́rìn-ín. Màmá bu ògì àgbàdo fún wọn.

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé ìfọṣọ. Lọ́jọ́ Sátidé, Nohemí jókòó sínú ọkọ̀ ní òdìkejì títì. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, Tolliver dé tòun ti ọṣẹ àti ayàwòrán. Nohemí wa ọkọ̀ lọ sílé Ofelia.

"Kí ni Tolliver ṣèlérí fún ọkọ rẹ?"

"Kí lo wí?"

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún, Ofelia!"

"Èmi tí mo gbé ọmọ rẹ lọ́wọ́ níwájú Ọlọ́run? Èmi lo ń pè ní ọ̀dàlẹ̀?"

"Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

"Ó dáa. Ikú ilé ti lọ nìyẹn." Ofelia wọlé, ó gbé páálí ìwé ìpolongo méjì jáde, ó jù wọ́n sílẹ̀. "Ẹrù rẹ rèé. Máa wá ìbò rẹ fúnra rẹ."

Igba obìnrin ilé èso ló ń gbọ́ràn sí Ofelia lẹ́nu. Láti ọjọ́ Ajé, kò sí ọ̀kan tó gbé fóònù Nohemí mọ́. Ìbò sì ku ọjọ́ mẹ́jọ.

"Ofelia kọ́," Màmá ń sunkún. "Ofelia ò lè ṣe é."

"Ta wá ni, Màmá?"

"N ò mọ̀. Màá bi ẹni tó mọ̀. Ìwọ, kí lo máa wá ṣe báyìí?"

"Màá lọ bẹ àwọn obìnrin yẹn fúnra mi, lọ́la, aago márùn-ún ìdájí, lẹ́nu ọ̀nà ilé èso."

Màmá so ìborùn, ó jáde.

Nohemí fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí Ofelia níbi tó ti ń tà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tẹ̀ lé ọkọ̀ Pruitt, akọ̀wé Tolliver, ẹni tó gbọ́ èdè Spéènì dáadáa ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì San Isidro ni Pruitt dúró sí. Nohemí yọ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ofelia ò sí níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Pruitt lọ tààrà sí iwájú ère Santo Niño, Ọmọ Mímọ́ náà, níbi tí àwọn ènìyàn ń fi bàtà ọmọdé àti lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí. Ó mú ìwé kan, ó kà á, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó dá ìwé náà padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nohemí mú ìwé náà, ó sì rí ìkọ̀wé tó ti mọ̀ kí ó tó mọ̀wé kà: "Santo Niño mi, lọ́la, aago márùn-ún ìdájí, Nohemí yóò wà lẹ́nu ọ̀nà ilé èso, jọ̀ọ́ ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, kí o sì tú àṣírí ẹni tó ń tà wá fún Tolliver."