Onífọ́tò Tó Ń Pa Àmì Ojú Ọmọ Rẹ̀ Rẹ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka ìtàn yìí títí dé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má fò ó.

1.
Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí ayé ìgbà tí èèyàn ń wẹ̀, tó ń kunra, kó tó lọ ya fọ́tò. Ayé ń dùn nígbà náà. Ẹ ó jókòó sórí àga onírọ̀rí, aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn yín á ní àwòrán àtẹ̀gùn tí kò lọ síbì kankan, wọn á ní kí ẹ má ṣẹ́jú, ẹ ó sì fi odidi ọjọ́ mẹ́ta retí bí ẹ ṣe rí.

Onífọ́tò kan wà nígbà náà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ojú-gún-régé. Bó bá ti fọ fíìmù tán nínú yàrá dúdú oníná pupa, yóò jókòó sẹ́bàá fèrèsé, yóò mú pẹ́ńsù tó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, yóò sì máa tún ojú inú fíìmù náà, èyí tí wọ́n ń pè ní nẹ́gátíìfù, ṣe díẹ̀díẹ̀. Kí fọ́tò tó jáde, irorẹ́ ti lọ, àpá ti lọ, ìyá àgbà ti padà di ọmọge. Ọkùnrin kan tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dín imú òun kù. Ó bá a dín in kù. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ló fi ń yangàn káàkiri àdúgbò.

2.
Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tísà, bí ọmọbìnrin kan, àkọ́bí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àmì pupa kan yọ sórí ìpéǹpéjú òsì ọmọ náà, kò ju orí ìṣáná lọ. Ní ọjọ́ tí bàbá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì rí àmì náà. Ó ṣàlàyé pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ṣùjọ sábẹ́ awọ, pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà nítòsí ojú kò ṣeé dúró wò. Ó ní kí wọ́n rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni Ojú-gún-régé gbé délé. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé irú àmì bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn òun Ojú-gún-régé náà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, àmì náà sì ti lọ kó tó wọ ilé ìwé. Kí ló wá ń lé e?

Oṣooṣù ló ń ya ọmọ náà lórí àga kan náà. Oṣooṣù ni àmì náà ń wú sí i, tí bàbá ń fi pẹ́ńsù pa á rẹ́, tó ń gbé fọ́tò náà sínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kọjá á dúró, wọn á ní ọmọ yìí mà rẹwà o. Inú rẹ̀ á dùn dé ẹ̀yìn eyín. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, ìpéǹpéjú náà ti wúwo débi pé ojú òsì kò là mọ́. Bàbá mú búrọ́ọ̀ṣì àti yíǹkì, ó ya ojú tó là sínú fọ́tò.

Ìyàwó rẹ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá ọmọ, àmì yìí ń dàgbà ju ọmọ lọ. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Fọ́tò lẹ ń tọ́jú."

"Ṣe sùúrù. Mo ní yóò lọ."

Ó bínú gan-an, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn mọ́. Obìnrin náà fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó gbà á gbọ́, ó sì ń dúró kí àmì náà lọ. Oṣù mẹ́rin tún kọjá.

3.
Ní oṣù kẹsàn-án, obìnrin náà kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pọn ọmọ, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà ní kí wọ́n mú fọ́tò ọmọ náà wá, kí òun lè mọ ìgbà tí ojú ọ̀hún ti pa dé. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kó o wá, mẹ́sàn-án nínú àpò ìwé kan. Dókítà tò wọ́n sórí tábìlì. Nínú gbogbo wọn, ojú méjèèjì là kedere.

"Ta ló ya ojú yìí síbẹ̀, sà?"

"Èmi ni."

"Fọ́tò lẹ la ojú fún. Ọmọ lẹ fi sílẹ̀ nínú òkùnkùn."

Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé àwọn oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni ojú ọmọ àti ọpọlọ rẹ̀ jọ ń kọ́ bí a ṣe ń ríran, pé ojú tó bá pa dé nígbà náà kò ní kọ́ ọ. Wọ́n fún ọmọ náà ní oògùn, àmì náà súnkì, ìpéǹpéjú gbé sókè, ojú tó rẹwà sì yọ. Ṣùgbọ́n ojú náà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń fi aṣọ bo ojú ọ̀tún fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́ kí ti òsì lè kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà á máa sunkún, á máa fọwọ́ wá ògiri kiri. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji èèyàn, ojú òsì náà kò ríran jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dòní.

4.
Ọdún gorí ọdún. Fíìmù kásẹ̀ nílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà sì fẹ́ pa dé. Ọmọbìnrin náà, tó ti di ìyá ọlọ́mọ, wá bá bàbá rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí aṣọ alátẹ̀gùn, wọ́n rántí òórùn omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, wọ́n rántí ọkùnrin onímú. Lẹ́yìn náà ó kan àpò ìwé yẹn.

"Bàbá mi, ta nìyí?"

"Ìwọ ni. Gbogbo wọn, ìwọ ni."

Ó gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú ọ̀tún, ó wò ó pẹ́.

"Ọmọ yìí rẹwà," ó ní. "Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n."

Bàbá arúgbó náà jókòó sórí àga onírọ̀rí, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní bí wọ́n bá lè dá ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo padà fún òun, ọ̀sẹ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, òun ìbá fọ́ kámẹ́rà náà mọ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe gbogbo àmì ìbí ló léwu. Òmíràn á lọ, òmíràn á báni dàgbà, àgbàlagbà tí tirẹ̀ ń dà á láàmú náà lè rí ìtọ́jú gbà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń wú kíákíá lára ọmọ ọwọ́, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó wà nítòsí ojú, imú tàbí ẹnu, ẹ má fi ìtàn ìyá yín àgbà dúró dè é. Ẹ má tìtorí ẹwà fi í pamọ́. Ẹ gbé ọmọ náà lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.