Àṣẹ́kù Ọjà ní Igbókọ̀dá

Báńkì rán Kingsley láti Àkúrẹ́ wá sí Igbókọ̀dá, kó wá ta àṣẹ́kù ọjà inú ṣọ́ọ̀bù àwọ̀n kan tó ti kógbá sílé. Wọ́n ní kó tà á tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Kingsley, tó gbà pé òun gbọ́n ju gbogbo ará etí odò lọ, wọ táì wá. Kó tó rìn dé ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́bàá jẹ́tì tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, òógùn ti sọ táì náà di àkísà.

Kọ́kọ́rọ́ kò ṣí ilẹ̀kùn. Ó yí i títí ọwọ́ fi ń ta á. Bàbá kan tó jókòó sórí pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù dìde.

"Gbé ilẹ̀kùn náà sókè díẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó kàn án ò mọ ohun tó ń ṣe."

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá tẹ̀lé e wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó wo àwọ̀n, okùn àti òjé tí wọ́n fi ń mú àwọ̀n rì, tó wà nílẹ̀.

"Ọlọ́gbọ́n gbáà ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí," ó ní. "Nígbà tí òkun kó ilé àwọn ará Aráròmí lọ, ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọ̀n fún wọn. Ọ̀fẹ́! Ó ní ebi ò gbọdọ̀ pa wọ́n. Báńkì ń retí owó rẹ̀, òun ń ṣe Olùgbàlà kiri."

Kingsley rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Irú wọn ló ń jẹ́ ká rí iṣẹ́ ṣe, sà."

"Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà náà."

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi méjì gúnlẹ̀ láti Aráròmí. Rejoice, obìnrin kan tó ń yan ẹja tà, ló kọ́kọ́ wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá kó tó wo ibi tí Kingsley wà. Ó mú àwọ̀n méjì. Kingsley pe iye gọbọi, nítorí ó mọ̀ pé yóò ná an. Rejoice ò ná an. Ó sanwó.

Jímọ́ọ̀ apẹja tẹ̀lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá nínú eruku, ó sì ra okùn tí oòrùn ti bà jẹ́. Àwọn yòókù ń wọlé tẹ̀lé ara wọn. Àwọ̀n tí èkúté ti jẹ létí pàápàá, wọ́n ń dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

"Sà, àwọn èèyàn yín ò mọ ọjà ná rárá," Kingsley sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wọn ò gbọ́n," bàbá dáhùn sókè. "Bíi ti òmùgọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí náà ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi Kingsley. Jímọ́ọ̀ wolẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó."

"Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Agogo mẹ́rin kò tíì lù tí ilé fi ṣófo. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe kan ṣoṣo ló kù. Bàbá mú un, ó sì ki ọwọ́ bàpò.

"Ẹ máa mú un lọ, sà," ni Kingsley wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ ti bá mi ṣiṣẹ́ lónìí."

"Rárá o. Ọjà báńkì ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo jí i."

Kingsley gba owó náà. Ó wá fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. "Èyí ló kù. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé a ti ta gbogbo ẹ̀ tán, ó sì ti lọ fara pamọ́ síbì kan. Ó dájú pé ojú ń tì í."

"Ojú ń tì í lóòótọ́," ni bàbá wí.

Ó gba bírò lọ́wọ́ Kingsley, ó tẹ́ ìwé náà sórí orúnkún rẹ̀, ó sì rọra kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tó yẹ: Fẹ̀hìntọlá Olówòkéré, ẹni tó ni ọjà.